Rọpárọsẹ̀ Àgbàlagbà: Kí Ni Ó Ń Gba Oṣù Mẹ́jọ?

 

Ní ìpàdé tí a ti ka ìṣirò owó ẹgbẹ́, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa na ọwọ́ sókè, ó sì béèrè ohun tí ó fà á tí ìyá àgbà kan ṣoṣo fi ń jáde lábẹ́ owó ìtọ́jú lóṣooṣù, fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ó ní bí ibà bá ń ṣe ènìyàn, a ó ra oògùn fún un, ó tán. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn, a ó san owó rẹ̀, ó tán. Irú ìtọ́jú wo wá ni èyí tí kò lópin, tí oògùn inú rẹ̀ kò pọ̀, tí ó jẹ́ pé owó mọ́tò àti owó físíò ni a ń rí ṣáá? Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí ó ń dá owó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó ń gbà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí a lè sọ ní ìdúró lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún un.

A kò ní dárúkọ ìyá náà, nítorí pé àṣírí ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ bò. Ẹni ọdún 67 ni. Gàrí ni ó ń tà, òun sì ni ó ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí bàbá wọn ti kú, tí ìyá wọn sì ti lọ́kọ sí ibòmíràn. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé àwọn ọmọ òrukàn wa. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bí ó ti fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá ìrun àsùnbáà, apá ọ̀tún kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Àwọn ará ilé gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a sì dúpẹ́ fún èyí, nítorí pé ilé mìíràn ì bá ṣì máa fi òróró para fún un títí di ọjọ́ kẹta. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó lò ní wọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa lọ sílé, kò lè jókòó fúnra rẹ̀, kò lè di ṣíbí mú, kò sì lè pe orúkọ ọmọ kankan. Ìwé tí wọ́n kọ fún un sọ pé kí ó máa wá sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ìgbà méjì lọ́sẹ̀. Ìwé náà kò sọ ọjọ́ tí yóò parí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti máa ń jáwọ́. Wọ́n á ní bí àwọn dókítà bá ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i ni, wọn kò ní dá a padà sílé. Wọ́n á ní físíò kò ṣe nǹkan kan ju kí ó na ẹsẹ̀ aláìsàn lọ, kí ó sì gba owó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọn kò rí ìyípadà, wọ́n á fi aláìsàn sí yàrá, wọ́n á máa bọ́ ọ, wọ́n á máa ṣe àdúà fún un. Àdúà kò burú, àwa náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn ni apá ti ń gan, tí ẹsẹ̀ ti ń ká, tí ẹ̀yìn ti ń dégbò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àìsàn náà jẹ́. Ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ fún gbogbo ara, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ lọ fún ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀kan nínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ síbẹ̀, tàbí tí òpó náà bẹ́, apá ibi tí ó ń bọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, òun ni àwọn dókítà ń pè ní stroke. Apá òsì ọpọlọ ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ fi máa ń pàdánù ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ará wa kan ń pè é ní ọfà, wọ́n ní ayé ni ó ta á. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ojú kò rí. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ dí tàbí tí òpó bẹ́, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí ń fi í han ojú.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí tí ó da àwọn ará àdúgbò rú. Kò lè pe orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àgbà, kò lè sọ pé òun fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlùfáà kan wá kí i, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà, ìyá bá a kà á, ó kà á dé ìparí, ohùn rẹ̀ kàn wúwo díẹ̀ ni. Àwọn kan ní ó ń díbọ́n. Àwọn kan ní ìṣẹ́ ìyanu ni. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti há sórí láti kékeré, bí àdúà, orin, tàbí kíka ení, èjì, ẹ̀ta, kò gba ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń ronú kó jọ kí ó tó sọ ọ́. Ọ̀nà kan lè bàjẹ́ kí èkejì ṣì wà. Àwọn tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ máa ń lo èyí tí ó kù láti fi wá èyí tí ó sọnù. Wọ́n á ní kí aláìsàn ka ohun tí ó mọ̀ lórí, wọ́n á dá a dúró ní àárín, wọ́n á ní kí òun fúnra rẹ̀ parí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ wọ́n á mú ọ̀rọ̀ míìràn wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má ṣe rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ má ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ ìsìnkú lórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni físíò ń ṣe tí ó fi ń pẹ́? Oògùn tí dókítà kọ, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ẹ̀jẹ̀ dídì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí èkejì má baà tún ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe òun ni yóò kọ́ ọwọ́ bí a ti ń di ife mú. Apá ọpọlọ tí ó ti kú kò jí mọ́. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí apá tí ó wà láàyè kọ́ iṣẹ́ èyí tí ó kú, kò sì lè kọ́ ọ láìṣe pé a ń ṣe é léraléra, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ẹ wo ọmọ kékeré tí a fi sí ilé kéwú: ẹnikẹ́ni kò retí pé kí ó parí Kùránì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń lọ lórí wàláà láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń gbàgbé, ó ń tún un kà. Ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ bà jẹ́ ti padà sí ilé kéwú.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn máa ń mẹ́nu bà káàkiri ayé. Ní ọdún 1959, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Pedro Bach-y-Rita, ọmọ ilẹ̀ Spéìn tí ń kọ́ni ní City College ní New York, ní rọpárọsẹ̀. Ẹni ọdún 65 ni. Ojú àti ara rẹ̀ rọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ní ìgbà náà, ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, wọ́n gbàgbọ́ pé ohun tí kò bá padà láàárín ìgbà yẹn kò ní padà mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà kò so èso lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ George, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́wọ́ ní Mẹ́síkò, mú un lọ sílé lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò mọ̀ nípa ìmúbọ̀sípò rárá, bóyá ìyẹn gan-an ni ó ràn án lọ́wọ́. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ràrà ni ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ ayé, nítorí náà rírá ni kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà ń rá kiri ilẹ̀, ó fi èjìká tí kò lágbára ti ara ògiri, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn aládùúgbò bínú, wọ́n ní kò bójú mu kí a máa mú ọ̀jọ̀gbọ́n rá bí ajá. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi ọwọ́ tí ó rọ ṣa bọ́ọ̀lù òkúta kéékèèké nílẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ náà fọ ìkòkò, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní yíyí sí ọ̀tún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní yíyí sí òsì. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ní New York, ó sì ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì ní ẹni ọdún 70. Ó tún fẹ́ ìyàwó. Ọdún keje lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 72, níbi tí ó ti ń gun òkè ní Kòlóńbíà. Ọkàn rẹ̀ ni ó dáwọ́ dúró, kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà wá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ibi tí ó bàjẹ́ ní 1959 ṣì bàjẹ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Èyí tí ó kù ni ó kọ́ iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ kejì, Dókítà Paul Bach-y-Rita, fi ìyókù ayé rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi kú ní 2006.

A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé gbogbo aláìsàn ni yóò padà gun òkè. Ẹlòmíràn kò ní rìn mọ́, ẹlòmíràn yóò rìn pẹ̀lú ọ̀pá, ọwọ́ sì máa ń pẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Ara máa ń yára padà jù lọ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń falẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2006, àwọn oníwàádìí ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn lórí aláìsàn 222 jáde, àwọn tí rọpárọsẹ̀ wọn ti pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́ tí ó dára fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí aláìsàn má baà rí ohun mìíràn lò ju èyí tí ó rọ lọ, wọ́n sì ń kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́ lójoojúmọ́. Ọwọ́ àwọn wọ̀nyí gbé ju ti àwọn tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ, ìyàtọ̀ náà sì ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan. Èyí kan àwa tí a ń ṣàánú púpọ̀: ọwọ́ tí a kò bá lò, ọpọlọ á gbàgbé pé ó wà. (Wọ́n yan àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì lè mira díẹ̀ ni o. Ẹ má ṣe lọ di ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé láìjẹ́ pé físíò sọ bẹ́ẹ̀.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ìkánjú ni ó dára. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2015, tí aláìsàn tí ó lé ní 2,000 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé gbígbé aláìsàn dìde léraléra kí wákàtí 24 àkọ́kọ́ tó kọjá kò ṣe é ní àǹfààní, ó tilẹ̀ pa ẹlòmíràn lára. Ọ̀ràn àkókò ni, kì í ṣe agbára nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ni pé kí ẹni tí ó bá lè fara dà á máa gba ìtọ́jú ìmúbọ̀sípò fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ fi wé ti ìyá wa tí ó ń gba ìgbà méjì lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì pé wákàtí kan. Nítorí náà, bí àgbà wa bá bi wá pé èé ṣe tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, apá kan ìdáhùn ni pé owó wa kò tó láti mú un yá. Ìyókù iṣẹ́ náà, ilé ni a ti ń ṣe é.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì ní Èkó, ní 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń mú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì bọ̀ sípò, ibẹ̀ sì ni fisiotẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ wa ní oyè fisiotẹ́rápì ní 1966. Lónìí, àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lè dé ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, tàbí UCH ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nìkan ní 2012, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ọ̀nà ni ó jìn fún ẹni tí kò lè jókòó. Ẹ ronú aláìsàn tí a gbé sínú mọ́tò ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí ó dé ibẹ̀ ní agara, tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kan án. A ti rí ilé tí ó jẹ́ pé owó mọ́tò ni ó dá ìtọ́jú wọn dúró, kì í ṣe owó ilé ìwòsàn.

Fún ìyá wa, oṣù àkọ́kọ́ lọ lórí jíjókòó. Jíjókòó lásán, lórí etí ibùsùn, kí ó má ṣubú sí ọ̀tún. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò ní wọn kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jókòó kò lè jẹun láìsí pé oúnjẹ gba ọ̀nà òfurufú, kò lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò lè dìde. Oṣù kejì àti ìkẹta jẹ́ ti dídìde láti orí àga: kí ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí ó tẹ orí síwájú, kí ó tì sókè. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, ìgbà mẹ́wàá lálẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìdúró pẹ̀lú férémù onírin, lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀. Ní Ìléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ń kọjá, àwọn ọmọ gbé àga rẹ̀ sí iwájú ilé, ó sì dìde fúnra rẹ̀ láti wò wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó le jù. Físíò ní kí ó máa fi í ṣa ẹ̀wà láti inú abọ́ kan sí èkejì, kí ó máa fi í yọ́ gàrí nínú ọpọ́n. Ohun tí ó mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni gàrí, ọwọ́ náà sì tètè dá a mọ̀ ju bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ilé máa ń ṣe tí ó ń ba iṣẹ́ físíò jẹ́, a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá ní aláìsàn mọ̀ wọ́n. Ẹ má ṣe fa apá tí ó rọ láti gbé aláìsàn sókè. Eegun èjìká á yẹ̀, ìrora rẹ̀ yóò sì gba ọ̀pọ̀ oṣù. Abẹ́ ìbàdí ni kí ẹ ti gbé e. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, omi lásán sì léwu ju ògì tí ó ki lọ fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò lágbára, nítorí pé ó ń yára wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa yí i padà ní ìwọ̀n wákàtí méjì-méjì títí tí yóò fi lè yí ara rẹ̀. Má sá dé e, má fi gbogbo nǹkan sí ọwọ́ rẹ̀: bí ó bá lè gbé ife dé àárín ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí ó gbé e dé àárín ọ̀nà. Èyí ṣòro fún wa nítorí pé àṣà wa kò jẹ́ kí ọmọ jókòó kí ìyá rẹ̀ máa jìyà láti bọ aṣọ ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò á ní ọmọ náà kò ní ojú àánú. Ẹ fara da ọ̀rọ̀ wọn. Ohun kan tún wà: bí aláìsàn bá ń sunkún láìnídìí, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ ṣe eré ìdárayá rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ni ìbànújẹ́ ọkàn máa ń bá, ó ní oògùn, kí ẹ sọ fún dókítà.

Lórí ọ̀rọ̀ ìjọ́sìn, púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa ń bẹ̀rù ìrun ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lè dìde, ìjókòó ni yóò ti kí i. Ẹni tí kò lè jókòó, ìdùbúlẹ̀. Ẹni tí omi kò ṣeé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí tí kò sí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, tayámọ́mù wà. Àwọn àlùfáà wa kò bá ara wọn jiyàn lórí èyí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé físíò náà, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, béèrè bí a ti ń kí ìrun, ó sì fi rúkúù lórí àga kún ohun tí ìyá yóò máa ṣe, nítorí pé títẹ̀ síwájú yẹn gan-an ni ó nílò láti lè dìde. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́, láìsí ẹni tí yóò rán an létí. Ti ààwẹ̀ ni ó gba ìbéèrè lọ́wọ́ dókítà: ẹni tí a ń retí pé ara rẹ̀ yóò yá, gbèsè ọjọ́ ni yóò san, ẹni tí a kò retí rẹ̀ mọ́, yóò máa bọ́ tálákà. Aláìsàn kò lè fi ojú ara rẹ̀ mọ èwo nínú méjèèjì ni òun jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn obìnrin tí kò fẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kan wọn: ẹ béèrè fún físíò obìnrin, wọ́n wà, bí kò bá sì sí ní ọjọ́ náà, kí ẹni wọn kan jókòó tì wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí jókòó sílé.

A wá dé orí owó. Ohun tí ó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa fọwọ́ sí oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ti ìyá nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó padà délé, olùkọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọbìnrin ọdún 13, kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Òun ni ó ń yí ìyá àgbà padà, tí ó ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ó ń se oúnjẹ fún àwọn àbúrò. A ti san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún sáà náà. Bí a bá fi ìyá sílẹ̀ ní yàrá, ọmọ òrukàn mẹ́ta ni yóò pàdánù ẹni tí ń tọ́ wọn, ọ̀kan yóò sì pàdánù ìwé pẹ̀lú. A ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí pátákó níwájú gbogbo ìgbìmọ̀: owó tí yóò gbà láti wá ilé mìíràn fún ọmọ mẹ́ta ju owó mọ́tò àti físíò lọ. A gba obìnrin opó kan ní àdúgbò láti máa jókòó ti ìyá láàárọ̀, a ń san owó oṣù fún un, ọmọbìnrin náà sì padà sí kíláàsì. Nínú ìwé ìṣirò, owó opó yẹn ni ó mú kí orúkọ ìyá wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ni ó ń jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn kan béèrè bóyá ó tọ́ láti fi sàká ṣe èyí. Bí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ ti là á yé wa, tálákà ni ìyá náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni sàká, a sì máa ń fi owó físíò àti ti mọ́tò lé òun tàbí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó di tirẹ̀, òun ni yóò san án. Férémù onírin, àga onítáyà àti àga ìgbọ̀nsẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ti ẹgbẹ́ ni wọ́n, yíyá ni a yá a. Owó sàráà ni a fi rà wọ́n, kì í ṣe sàká. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó lè sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí tiyín wọ̀.

Kí a tó gbàgbé: èyí tí ó sàn jù ni kí rọpárọsẹ̀ má wá rárá. Àwọn dókítà ní Nàìjíríà àti Gánà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn, fi àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú tí ó lé ní 2,000 wé iye ènìyàn kan náà tí kò mú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, àìrìn kiri, iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ nídìí tábìlì, ẹran jíjẹ ní ìgbà gbogbo, àti àìjẹ ẹ̀fọ́ tó. Ìyá wa mọ̀ pé òun ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn tán, ó ní kí òun kọ́kọ́ ta gàrí kan sí i kí òun tó ra òmíràn.

Ní báyìí, ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé iwájú ilé, ó ń sọ gbólóhùn kúkúrú, ó sì ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó tilẹ̀ ń ṣì wọ́n pè fún ara wọn. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì ṣí tán. Físíò ti dín ìrìn àjò rẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nítorí náà ìṣirò tí ń bọ̀ yóò fúyẹ́. Férémù onírin rẹ̀ ti padà sí ọ́fíìsì wa, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àga ìgbọ̀nsẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ní aláìsàn tí ó nílò wọn kí ó wá bá akọ̀wé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí ó mú ìwé ilé ìwòsàn dání.